Kí ló dé tí apààyàn inú ìwé àtijọ́ kì í lè panu mọ́?

Ìbéèrè tí àbúrò wa kan fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. 300 level ni mo wà, wọ́n ní ká ka Crime and Punishment. Ohun tí ò yé mi ni pé ẹnì kankan ò rí Raskolnikov nígbà tó ń pààyàn, kò sí ẹ̀rí gidi kan lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹlòmíì tiẹ̀ ti jáde pé òun lòun ṣe é, kí ló wá gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá? Lẹ́kọ́rà wa ní ó ti ronú pìwà dà ni. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, ẹ̀rù ló bà á. Èwo lòótọ́? Àti pé ṣé ẹ̀bi lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ àìsàn bẹ́ẹ̀ yẹn, àbí òǹkọ̀wé yẹn kàn ń bù mọ́ ọn ni?"

Àbúrò, o ṣeun. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ rèé, ìbéèrè yìí gan-an ni mo máa ń retí lẹ́nu àwọn tí mo ń kọ́, àwọn tó bi mí ò pọ̀, torí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ìdáhùn kí wọ́n tó ṣí ìwé. Lójú tèmi o, lẹ́kọ́rà yín ò tọ̀nà, ọ̀rẹ́ rẹ náà ò tọ̀nà. Raskolnikov ò tíì ronú pìwà dà lọ́jọ́ tó lọ jẹ́wọ́. Ó ti dé ẹ̀wọ̀n ní Siberia, ó ti lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, kí òǹkọ̀wé tó là á fún wa pé ọkùnrin yìí ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ohun tó ṣe, àfi pé kò lè ṣe é yọrí, tó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ jẹ́wọ́. Ó wà ní ìparí ìwé náà gbangba, lọ wò ó. Kì í sì í ṣe ẹ̀rù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀bi ò gba ibi ìrònú wọlé sí i lára. Ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà àárín òun àti èèyàn dàrú, orí ẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Orí yẹn ṣì ń jiyàn nígbà tí ẹsẹ̀ ti gbé e dé iwájú ọlọ́pàá.

Fún ẹni tí ò tíì ka ìwé náà: Fyodor Dostoevsky ló kọ ọ́, ọdún 1866 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápá lápá nínú ìwé ìròyìn kan ní Rọ́ṣíà. Rodion Raskolnikov, ọmọ ọdún 23, ń ka lọ́ọ̀ ní yunifásítì kówó tó tán lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá ń gbé yàrá tóóró kan lókè ilé ní St. Petersburg, yàrá tí ìyá ẹ̀ dé tó wò tó ní bíi pósí ló rí. Ìyá àgbàlagbà kan wà nítòsí, Alyona Ivanovna, tó ń yáni lówó lórí ìdógò, sọ́gúndogójì gidi, ìdá mẹ́rin iye tí nǹkan rẹ tó ló máa fún ẹ, á sì máa gba èlé ìdá márùn-ún títí dé méje nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Raskolnikov ti gbé èrò kan sórí pé àwọn èèyàn kan wà láyé, irú Napoleon, tí òfin ò dè, tí wọ́n bá ní láti tẹ ẹ̀jẹ̀ kọjá kí nǹkan ńlá tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà wà lára wọn. Ó mú àáké, ó pa ìyá náà. Ó gbàgbé ti ilẹ̀kùn, Lizaveta, àbúrò ìyá náà, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, wọlé bá a, ó pa òun náà.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rù kúrò ńlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà, sísá ló máa ń sá, á jìnnà síbẹ̀, á dákẹ́, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ á yí ọ̀rọ̀ padà. Kí ni Raskolnikov ṣe? Ó padà lọ sílé àwọn tó pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lẹ pépà tuntun mọ́ ògiri, ó wọlé bá wọn, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó fa agogo ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, ó tún un fà, ó tún un fà, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, torí agogo yẹn ló dún lọ́jọ́ yẹn. Ó tún bi wọ́n léèrè pé ẹ̀jẹ̀ ìjelòó dà, ṣé wọ́n ti fọ ilẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan náà yẹn ó ti jókòó nílé ọtí pẹ̀lú akọ̀wé àgọ́ ọlọ́pàá, Zamyotov, ó sún mọ́ ọn lójú lójú, ó ní, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo pa ìyá àgbà yẹn àti Lizaveta ńkọ́? Ṣé ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe nìyẹn? Àwa Yorùbá sọ pé ara ló máa ń fu ẹni tó ṣebi, òótọ́ ni, ara ń fu òun náà, ọjọ́ kejì tí wọ́n fi ìwé pè é sí àgọ́ ọlọ́pàá ẹ̀mí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, àfìgbà tó débẹ̀ tó rí i pé gbèsè owó ilé ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè é. Ẹ̀rù wà níbẹ̀. Àmọ́ lábẹ́ ẹ̀rù yẹn nǹkan mìíràn wà tó ń fà á padà síbi ọ̀ràn, ìyẹn ló lágbára ju ẹ̀rù lọ.

Wo ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀sì owó yẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yé èmi fúnra mi. Kó tó lọ pààyàn, ọkùnrin yìí ti ka ìṣísẹ̀ láti géètì ilé ẹ̀ dé ilé ìyá náà, 730 gééré. Ó rán okùn aṣọ sínú kóòtù ẹ̀ lábẹ́ apá òsì kó lè fi àáké há síbẹ̀. Ẹni tó ka ẹsẹ̀ títí dé 730! Lẹ́yìn tó pààyàn tán ó kó pọ́ọ̀sì àti àwọn góòlù yẹn, ó lọ sínú àgbàlá kan, ó gbé òkúta ńlá kan, ó tì wọ́n sábẹ́ ẹ̀, kò ṣí pọ́ọ̀sì yẹn wò. Kò ṣí i rárá. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti wá gbọ́ pé 317 rouble àti 60 kopeck ló wà nínú ẹ̀, àwọn adájọ́ ò lè gbà pé ẹni tó pààyàn méjì torí owó ò mọ iye owó náà.

Mo gbà á, torí ó ti ṣe èmi náà rí, lọ́nà kékeré. Mo máa tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo yọ owó níbi tí màmá mi máa ń ká owó ọjà sí létí ìró. Mo tì í bọ ihò ògiri lẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi amọ̀ dí i. Mi ò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Wọn ò fura sí mi o, ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni wọ́n fura sí. Ohun tó ń jẹ mí lára kì í ṣe ẹgba, kò sẹ́ni tó fẹ́ nà mí. "Ọkọ mi" ni màmá mi máa ń pè mí, wọ́n á ní ọkọ mi, wá jẹun, orúkọ yẹn ò wá wọ̀ mí lára mọ́, ó dà bíi pé ọmọ mìíràn tó dúró lẹ́yìn mi ni wọ́n ń pè. Ọjọ́ kẹrin ni mo lọ wú owó náà jáde, mo gbé e fún wọn. Mi ò fi olè ọmọdé wé ìpànìyàn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mo kàn fẹ́ kó o mọ ibi tí ìrora yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: àárín ìwọ àti ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì ń fẹ́ràn rẹ, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń fẹ́ràn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Dostoevsky fi èyí hàn níbi méjì tí mo fẹ́ kó o padà lọ kà. Àkọ́kọ́, ó ń rìn lórí afárá odò Neva, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sábẹ́ ẹṣin, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin náà fi pàṣán nà án lẹ́yìn. Obìnrin àgbàlagbà kan àti ọmọbìnrin ẹ̀ ń kọjá lọ, wọ́n rò pé alágbe ni, wọ́n fi 20 kopeck sí i lọ́wọ́ nítorí Kristi. Ó di owó náà mú, ó ń wo odò, ó dúró síbi tó ti máa ń dúró nígbà tó ṣì ń lọ sí yunifásítì, gbogbo ohun tó ti ń rò nígbà yẹn wá dà bí ohun tó wà nísàlẹ̀ ibú lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó la ọwọ́, ó rí owó yẹn, ó jù ú sínú omi, ó yíjú padà sílé, ó wá dà bíi pé ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé ara ẹ̀ kúrò lára gbogbo èèyàn àti gbogbo nǹkan ní wákàtí yẹn. Kò lè gba àánú mọ́. Ẹni tí kò jẹ nǹkan sùn ju owó oúnjẹ sínú odò.

Ìkejì, ìyá ẹ̀ àti Dunya àbúrò ẹ̀ ti ìlú wọn dé, wọ́n ti jókòó dè é ní yàrá yẹn fún wákàtí kan àtààbọ̀. Bó ṣe wọlé wọ́n fò mọ́ ọn, wọ́n ń fẹnu kò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Apá ẹ̀ ò gbéra. Kò lè gbé ọwọ́ méjì sókè kó fi dì mọ́ ìyá tó bí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú, ó dákú. Tí mo bá dé ojú ìwé yìí nínú kíláàsì mo máa ń dákẹ́ díẹ̀, mi ò lè kà á tán kí n kàn ṣí ojú ìwé tó kàn. Orí ẹ̀ ṣì ń sọ pé kòkòrò lòun pa, ẹni tí ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Apá ẹ̀ ló mọ̀ pé èèyàn ni.

O béèrè nípa àìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ibà gidi ló dá a dùbúlẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ni ò fi mọ ibi tó wà. Àmọ́ ká má parọ́ mọ́ òǹkọ̀wé, ó ti fi hàn wá láti ojú ìwé àkọ́kọ́ pé oṣù Keje ni, ooru mú gan-an, ọmọ náà ò jẹun dáadáa fún ọjọ́ púpọ̀, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, ara ẹ̀ ò yá kó tó gbé àáké rárá. Ara tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀bi wá wọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o wò ni ìrísí àìsàn náà. Òru ọjọ́ tó pààyàn, ó jí, ó ń wo aṣọ ẹ̀ fínnífínní, ó rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ létí ṣòkòtò, ó gé e, ó rí i nínú àpò, ó fa inú àpò ya, ó rí i lórí ìbọ̀sẹ̀. Ló bá tún sùn lọ. Nígbà tí Nastasya tó ń ṣiṣẹ́ nílé náà wá jí i láàárọ̀, àkísà ẹlẹ́jẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó dì í mú bíi góòlù, Nastasya fi rẹ́rìn-ín pé ẹ wo nǹkan tó gbé sùn. Nígbà tí ibà wá gbé e gan-an, ìbọ̀sẹ̀ yẹn ló ń ké pè, òun àti etí ṣòkòtò, débi pé Zamyotov fúnra ẹ̀, akọ̀wé ọlọ́pàá, fi ọwọ́ olóòrùka ẹ̀ wá a káàkiri yàrá, ó gbé e fún un. Ìyẹn ni pé ẹnu tó ń ṣọ́ ti ń jẹ́wọ́ lójú oorun, ó ti ń gbé ẹ̀rí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ọlọ́pàá ni ò mọ ohun tó dì mú.

Oorun yìí kì í ṣe ti Dostoevsky nìkan. Nínú Macbeth, tí Shakespeare kọ ní nǹkan bíi 1606, ọ̀gágun kan pa Duncan ọba tó gbà lálejò sílé ara ẹ̀. Ó jáde síta, ohun àkọ́kọ́ tó ń dà á láàmú kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ẹ̀. Ó ní àwọn méjì jí lójú oorun, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, òun fẹ́ ṣe Àmín, Àmín há òun lọ́fun. Ó tún gbọ́ ohùn kan tó ń ké káàkiri ilé pé Macbeth ti pa oorun, kò ní sùn mọ́. Ìyàwó ẹ̀ ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀, ó ní omi díẹ̀ á fọ̀ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ìyàwó yìí ló wá ń rìn lójú oorun, ó ń fọ ọwọ́ tí kò sí nǹkan lára ẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ní òun ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í sì í gbà kí iná kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lálẹ́. Dọ́kítà wò ó, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ju tòun lọ, àlùfáà ló nílò. Ọkọ ńkọ́? Ọkọ ò ṣàìsàn bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹlòmíì, ó tún pa ẹlòmíì, ó ní òun ti wọ odò ẹ̀jẹ̀ débi pé pípadà ò yá ju líla odò já lọ. Mo fẹ́ kó o di èyí mú dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀bi máa ń sọ èèyàn di ẹni rere ni. Ẹ̀bi kan náà lẹ́yìn ọ̀ràn kan náà, ó wó ọ̀kan lulẹ̀, ó sọ ìkejì di òkúta.

Ti sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Àwọn tó ṣèwádìí lára sójà Amẹ́ríkà tó ja ogun Vietnam rí i pé àwọn tó fọwọ́ ara wọn pààyàn níbẹ̀ ń jìyà àlá burúkú àti ìdààmú ọkàn ju àwọn tí ò pa ẹnikẹ́ni lọ, ogun sì ni o, ìjọba ló rán wọn. Nítorí náà kì í ṣe àbùmọ́ pé ohun téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lè kó wọ inú oorun ẹ̀. Ti ọwọ́ fífọ̀, ní 2006 àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì méjì gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé ẹni tó bá rántí ìwà àìdáa tó ti hù, nǹkan ìmọ́tótó ló máa ń wù ú, wọ́n sọ ọ́ ní Macbeth effect. Wàá rí i níbi púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jọ̀ọ́ má kọ ọ́ sínú project rẹ bí ohun tó ti fìdí múlẹ̀, àwọn mìíràn tún ìwádìí yẹn ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, wọn ò rí ohun tí àwọn tàkọ́kọ́ rí.

Ẹ̀dá ìtàn tó sún mọ́ ohun tí àwa mọ̀ jù ni ti Edgar Allan Poe, ìtàn kúkúrú tó jáde ní 1843, The Tell-Tale Heart. Ọkùnrin kan ń bá bàbá arúgbó kan gbélé, ó ní òun fẹ́ràn bàbá náà, bàbá ò ṣẹ òun, ojú ẹ̀ kan ni òun ò fẹ́ rí, ojú bíi ti igún, tí nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Ó ṣọ́ ọ lóròòru fún ọjọ́ méje, ọjọ́ kẹjọ ó pa á, ó rì í mọ́ abẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá. Ọlọ́pàá mẹ́ta dé torí aládùúgbò gbọ́ igbe. Ó kí wọn káàbọ̀, ó mú wọn yí ilé ká, ó ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀ gan-an, ó wá gbé àga tirẹ̀ lé orí pákó yẹn. Wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ọkàn wọn balẹ̀. Òun wá ń gbọ́ nǹkan tó ń lù kìkì, kìkì, bíi aago tí wọ́n fi òwú wé, ó ń dún sí i, ó ń dún sí i, ó rò pé wọ́n gbọ́, pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín ni, ló bá pariwo kí wọ́n hú pákó yẹn, pé ọkàn bàbá yẹn ló ń lù.

Nínú fíìmù tiwa, tí apààyàn bá ń kà bóròbórò báyìí, a mọ̀ pé ẹnì kan ti sa nǹkan sí i ni, tàbí òkú ló dìde wá bá a, tàbí ọjà lẹsẹ̀ ti gbé e lọ tó ti ń bọ́ṣọ. Ẹni tó pààyàn ò ní jẹ́wọ́ láìjẹ́ pé agbára kan láti ìta fipá mú un. Mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú, ìdájọ́ ni wọ́n fẹ́ ká rí. Poe yọ agbára ìta yẹn kúrò. Kò sí babaláwo, kò sí òkú tó dìde. Èmi gbà pé ọkàn ara ẹ̀ ló ń gbọ́, àyà ara ẹ̀ ló ń lù kìkì, kò lè gbà pé tòun ni, ló bá gbé e fún òkú.

Thérèse Raquin ti Emile Zola, 1867, ọmọ Faransé, mo máa kàn fọwọ́ bà á. Ìyàwó kan, Thérèse, àti àlè ẹ̀ Laurent ti ọkọ sínú odò Seine, ọkọ náà gé Laurent jẹ lọ́rùn kó tó rì. Wọ́n fẹ́ra tán, wọn ò lè sùn mọ́ra, òkú yẹn ń dùbúlẹ̀ sáàárín wọn, ojú eyín yẹn ò sì jẹ́ kí Laurent gbádùn, á máa jó o bí iná. Ìyá ọkọ tó ti rọ lọ́wọ́ rọ lẹ́sẹ̀, tí ò lè sọ̀rọ̀, ti mọ ohun tí wọ́n ṣe, ojú ló fi ń wò wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fi ìka kọ ọ́ sórí tábìlì níwájú àwọn àlejò, "Thérèse àti Laurent ti...", ìka yẹn kú síbẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé májèlé jẹ níwájú ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Zola fúnra ẹ̀ ta ko ohun tí lẹ́kọ́rà yín sọ, ó kọ ọ́ síwájú ìwé nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ pé ohun tóun ní láti pè ní àbámọ̀ lára àwọn méjèèjì kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ara tó dàrú lọ, iṣan ara ló ṣọ̀tẹ̀. Mi ò bá Zola lọ títí dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣan ara nìkan ni, ojú ìyá arọ yẹn ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ojú yẹn ló ń pa wọ́n.

Má wá lọ rò pé gbogbo ẹni tó pààyàn ló ń rí báyìí. Dostoevsky mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n mú un ní 1849 nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, wọ́n tò wọ́n síta ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá láti yìnbọn fún wọn, ìbọn ti gbójú sókè kí wọ́n tó ní ọba ti dárí jì wọ́n, ló bá lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ní Omsk láàárín àwọn apààyàn gidi. Nígbà tó kọ̀wé nípa ẹ̀wọ̀n yẹn, ó ní jálẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn òun ò rí àmì ìrònúpìwàdà lára àwọn èèyàn yìí. Nínú Crime and Punishment náà ó gbé Svidrigailov kalẹ̀, ẹni tí wọ́n ń sọ pé ó lọ́wọ́ nínú ikú ìyàwó ẹ̀. Òkú ìyàwó yìí ń wá bá a o. Kò wá dẹ́rù bà á, kò gún un lọ́bẹ, ó kàn rán an létí pé o gbàgbé láti wáìńdì aago yàrá oúnjẹ. Ẹ̀bi tí ò ní ìrora mọ́ nìyẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ inú ilé lásán, ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ inú Macbeth lọ.

Ká padà sórí ìbéèrè rẹ. Nígbà tí Porfiry tó ń ṣèwádìí ọ̀ràn yẹn wá bá Raskolnikov nínú yàrá ẹ̀, ohun tó dì mú ò tó nǹkan. Mikolka, akunlé tó ń ṣiṣẹ́ nílé yẹn lọ́jọ́ náà, ti jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó kàn fẹ́ jìyà nítorí ìgbàgbọ́ tó dàgbà sí. Porfiry ti sọ fún Raskolnikov ṣáájú ìgbà yẹn pé òun kì í kánjú mú ẹni tóun bá mọ̀ pé òun ni, ká fi sílẹ̀, á máa yí òun ká bí àfòpiná ṣe ń yí àbẹ́là ká. Níbo lo fẹ́ sá lọ, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ò ń sá fún náà ń bá ẹ lọ? Ìwé Òwe nínú Bíbélì ti sọ ọ́ pé èèyàn búburú ń sá nígbà tí ẹnì kan ò lé e. Ti Raskolnikov yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí kò sẹ́ni tó ń lé e gan-an ni kò lè gbé.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sonya ló rán an débẹ̀. Òun náà jẹ́ ẹni tí ayé ti yọ kúrò láàárín èèyàn, ó ń ta ara ẹ̀ kí àwọn àbúrò ẹ̀ lè jẹun. Òun ni Raskolnikov sọ fún ṣáájú gbogbo èèyàn, kò tiẹ̀ lè fi ẹnu sọ ọ́, ó ní kó wo òun dáadáa, ojú ẹ̀ ló kà á. Nígbà tó yé Sonya tán, ó dì mọ́ ọn. Wo apá yẹn o, apá tí kò lè gbéra fún ìyá ẹ̀. Ẹnì kan ti mọ ohun tó ṣe wàyí, ó ṣì dì mọ́ ọn, ẹni tí wọ́n ń dì mọ́ sì wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kó lọ sí oríta, kó kúnlẹ̀, kó fẹnu ko ilẹ̀ tó ti bà jẹ́, kó tẹrí ba fún gbogbo ayé níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sọ ọ́ sókè.

Àwọn tí mo ń kọ́ máa ń gbọ́ oríta, wọ́n á ní ẹbọ ni. Rárá o. Lọ́dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà ìgbà yẹn ilẹ̀ ni ìyá, ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti ṣẹ ilẹ̀. Ibi tí mo lè gbà pé ó pàdé tiwa ni pé àwa náà ní ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò lè lé kúrò ńlé ẹjọ́. Oríta sì ni ibi tí èèyàn pọ̀ sí, ìdí tí Sonya fi rán an lọ síbẹ̀ nìyẹn. Iyàrá ló ti ń kú, àárín èèyàn ló ní láti padà sí.

Ó débẹ̀, ní Haymarket, ó rántí ọ̀rọ̀ Sonya, nǹkan kan tú nínú ẹ̀, omijé bọ́, ó kúnlẹ̀ láàárín ọjà, ó fẹnu ko ilẹ̀ ìdọ̀tí yẹn pẹ̀lú ayọ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti mutí yó, ẹnì kan ní Jerúsálẹ́mù ló ń lọ, ó ń dágbére fún ọmọ àti ilẹ̀ baba ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde pé èmi ni mo pààyàn kú sí i lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ẹ pé kì í ṣe ìrònúpìwàdà, ẹni tó ti ronú pìwà dà ò ní tìtorí ẹ̀rín àwọn èrò ọjà panu mọ́. Ní Siberia, nínú ẹ̀wọ̀n ọdún 8 tí wọ́n dá fún un, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ ẹ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n fẹ́ràn Sonya, ó pẹ́ kó tó di pé òun àti Sonya jókòó lẹ́bàá odò láàárọ̀ ọjọ́ kan tí nǹkan kan fi yí padà.

Nínú project rẹ, má bẹ̀rẹ̀ láti Siberia, má bẹ̀rẹ̀ láti ibi òkú. Bẹ̀rẹ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó bá Ilya Petrovich, ọlọ́pàá tó lẹ́nu bíi agogo, ọkùnrin yẹn ń sọ tibí ń sọ tọ̀hún, kò jẹ́ kó rí àyè sọ̀rọ̀, nínú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti gbọ́ pé Svidrigailov ti yìnbọn pa ara ẹ̀. Orí ẹ̀ yí. Ó ní òun kàn wá wo Zamyotov ni, ẹ dárí jì mí, ó dìde, ó ń fọwọ́ ti ògiri sọ̀ kalẹ̀. Ó ti bọ́ nìyẹn, àbúrò, kò sẹ́ni tó fura, ìta gbangba ló wà. Sonya dúró nínú àgbàlá, ojú ẹ̀ funfun bí òkú, ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó kàn pàtẹ́wọ́ mọ́ra. Raskolnikov dúró díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú padà, ó tún gun àtẹ̀gùn náà lọ sókè.